Owó-Orí àti Aláàbọ̀ Ara: Ìtàn Ìbéèrè Kan láti Lomé dé Abẹ́òkúta

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan ní Cacaveli, lẹ́yìn tí akọ̀wé ti ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ó kọjá tán, bàbá kan láàárín wa dìde, ó fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ ró, ó ní òun ní ìbéèrè. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí bàbá yìí ti ṣíwọ́ iṣẹ́ nítorí ìjàǹbá tí ó bá a lẹ́sẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Láti ìgbà náà ni ó ti ń gba owó kékeré kan tí wọ́n ń san fún un nítorí ẹsẹ̀ náà. Ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ mi, owó ẹsẹ̀ mi yìí, ṣé dandan ni kí n lọ kéde rẹ̀ fún àwọn agbowó-orí? Bí mo bá kéde rẹ̀, ṣé wọn yóò bu nínú rẹ̀? Bí n kò bá sì kéde rẹ̀, ṣé olè ni mo jà?”

Ọ̀rọ̀ náà dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ẹnìkan ní láéláé, a kì í gba owó-orí lórí ẹsẹ̀ tí ó kán. Ọ̀dọ́ kan tí ó ń kọ́ nípa òfin ní yunifásítì ní owó tí ó bá wọlé, owó tí ó wọlé ni, ibi yòówù kí ó ti wá. Ìyá kan ní ọmọ òun tí ó jẹ́ aláàbọ̀ ara ní ilẹ̀ Faransé ń kọ̀wé sí àwọn agbowó-orí lọ́dọọdún, síbẹ̀ kò san kọ́bọ̀ rí. A jókòó, a gbọ́ gbogbo wọn, a sì rí i pé kì í ṣe ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń dáhùn. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ nípa sísan, èkejì nípa ìkéde, ẹ̀kẹta nípa ìwé ẹ̀rí. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ìtàn ilẹ̀ wa sì fi hàn pé ibi tí a bá ti da wọ́n pọ̀ ni aláìlera ti máa ń jìyà. Ìdí nìyí tí a fi kọ àpilẹ̀kọ yìí.

Orúkọ tí a fún un

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Owó-orí ni a ń pè é ní èdè wa, nítorí pé orí ni wọ́n kọ́kọ́ kà kí wọ́n tó gba owó. Àwọn Faransé náà pe ti ìgbà ìjọba amúnisìn ní impôt de capitation, ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó túmọ̀ sí orí ni ó sì wà nínú rẹ̀. Èdè méjèèjì fẹnu kò: wọn kò béèrè ohun tí ó wà lọ́wọ́ ẹni, orí tí ó wà lọ́rùn ni wọ́n kà. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, arọ ní orí, afọ́jú ní orí, ẹni tí ó ti dùbúlẹ̀ àìsàn láti ọdún mẹ́ta ní orí. Bí a kò bá yọ wọ́n sílẹ̀ ní pàtó, òfin ti kà wọ́n mọ́ ọn.

Kí òyìnbó tó dé, kò sí owó-orí irú èyí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tí a mọ̀ ni ìṣákọ́lẹ̀ tí àgbẹ̀ ń fún onílẹ̀, owó-ibodè tí oníbodè ń gbà lọ́wọ́ oníṣòwò, ẹ̀bùn ọdún tí ìlú ń gbé lọ fún ọba, àti iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ bíi títún ààfin àti ọ̀nà ṣe. Agbo-ilé ni ó ń san nǹkan wọ̀nyí ju ẹnìkọ̀ọ̀kan lọ. Aláìlera tí ó wà nínú agbo-ilé, àwọn ará ilé ni ó gbé ẹrù rẹ̀, kò sí ẹni tí ó wá kà á lọ́tọ̀. Àwọn baba wa sì gbà pé Ọbàtálá ni ó mọ ara ènìyàn; àfín, abuké àti arọ, ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pè wọ́n. A kò fi èyí sọ pé ayé dẹ̀ wọ́n lọ́rùn. A mọ̀ pé a fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, a sì fi àwọn kan pamọ́ sínú ilé. Ohun tí a ń sọ ni pé ojú àwọn ará ilé ni ẹ̀rí àìlera wọn. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n mú ìwé wá.

Ọjọ́ méjìlá àwọn Jámánì

Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1884 ni Gustav Nachtigal fi àdéhùn Baguida gba etíkun Tógò fún ìjọba Jámánì. Ní ọdún 1897, Lomé di olú-ìlú. Àwọn oníṣòwò Yorùbá kò jìnnà sí ìlú náà nígbà tí ó ń dàgbà. Orúkọ àdúgbò Anagokomé, nítòsí ọjà ńlá, ṣì ń jẹ́rìí sí i títí di òní. Ní òkè lọ́hùn-ún, ní agbègbè Atakpamé, àwọn Ifẹ̀ tí àwọn mìíràn ń pè ní Ana ti wà tipẹ́tipẹ́.

Àwọn Jámánì ní kí àgbàlagbà ọkùnrin máa fi ọjọ́ méjìlá ṣiṣẹ́ fún ìjọba lọ́dún, tàbí kí ó fi owó ra ara rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ojú ọ̀nà, ojú irin àti afárá ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà. Ẹ kíyè sí i pé ara ènìyàn di owó níbẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò le, kí ni yóò fi san án? Bí kò bá lè gbé òkúta, owó ni yóò mú wá. Bí ó bá sì jẹ́ pé àìlera kan náà ni kò jẹ́ kí ó rí owó, ọ̀nà méjèèjì ti dí mọ́ ọn. Àfi kí ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ gbé ọjọ́ tirẹ̀ àti ti ẹ̀gbọ́n papọ̀.

“Valide” àti ẹni tí kì í ṣe “valide”

Àwọn Jámánì túúbá ní Kamina ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 1914. Ní ọdún 1922, Ẹgbẹ́ Àwọn Orílẹ̀-èdè fi ìhà ìlà-oòrùn Tógò sí abẹ́ àmójútó ilẹ̀ Faransé. Ìjọba tuntun mú ohun méjì wá: owó-orí tí ẹnìkọ̀ọ̀kan ń san, àti prestation, ìyẹn iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ọjọ́ mẹ́rin lọ́dún fún àgbàlagbà ọkùnrin, èyí tí a lè fi owó rà padà.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú àwọn òfin wọ̀nyẹn tí ó yẹ kí àwa tí a gbọ́ èdè méjèèjì dúró tì. Ọ̀rọ̀ náà ni valide. Ọkùnrin tí ó jẹ́ valide ni prestation wà fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni, nínú ìlànà owó-orí àwọn Faransé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, a yọ àwọn ọmọdé, àwọn ọmọ-ogun, àti àwọn arúgbó pẹ̀lú àwọn aláìlera tí kò ní ohun ìní sílẹ̀. Bí a bá ka ìwé náà nìkan, a ó sọ pé ìjọba ṣàánú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé lágbájá kì í ṣe valide? Níbo ni dókítà wà ní abúlé tí ó jìnnà sí ìlú ní ìrìn ọjọ́ méjì? Olóyè abúlé ni ó kù tí yóò sọ ọ́.

Ibí yìí ni ìṣòro náà fìdí mulẹ̀ sí. Àwọn aláṣẹ máa ń ka iye ènìyàn tí ó wà ní abúlé, wọ́n á sọ ọ́ di iye owó, wọ́n á sì gbé gbogbo rẹ̀ lé olóyè lọ́wọ́. Olóyè náà ní ìpín tirẹ̀ nínú owó tí ó bá kó jọ. Bí iye tí ó mú wá kò bá pé, òun ni wọn yóò bi léèrè, nígbà mìíràn òun ni wọn yóò tì mọ́lé. Àkọsílẹ̀ iye ènìyàn a sì máa pẹ́ kí a tó tún un ṣe, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn alààyè fi ń san owó-orí ẹni tí ó ti kú àti ti ẹni tí ó ti sá lọ sí Gold Coast. Nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, bí olóyè bá yọ afọ́jú kan sílẹ̀, àwọn aládùúgbò ni yóò san ti afọ́jú náà. Òfin yọ ọ́ sílẹ̀ lórí ìwé, àkọsílẹ̀ abúlé sì tún dá a padà.

A kò gbọdọ̀ sọ pé gbogbo olóyè burú. Òmíràn nínú wọn wà láàárín òkè àti odò. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìdásílẹ̀ tí kò ní ìwé lọ́wọ́ ẹni tí a dá sílẹ̀, ìdásílẹ̀ tí ó wà ní ẹnu ẹlòmíràn ni. Ẹnu náà lè yí padà nígbàkígbà.

Ọdún 1946 ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àfipáṣe parí nínú òfin. Òfin ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún náà, tí a ń fi orúkọ Félix Houphouët-Boigny pè, fòpin sí i ní gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ Faransé lókè òkun.

Nígbà tí ìlú kọ̀

Àwọn ènìyàn kò dákẹ́. Ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ìlú dìde ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ọdún 1923 nígbà tí wọ́n fi kún owó-orí. Ìjọba fi ọmọ-ogun dá wọn lóhùn, wọ́n sì lé Louis Hunkanrin lọ sí ilẹ̀ Mauritania. Ní Lomé níbí, Gómìnà Robert de Guise gbé owó-orí tuntun kalẹ̀ ní àkókò tí ọrọ̀-ajé ayé ti dẹnu kọlẹ̀, àwọn obìnrin ọjà sì wà lára àwọn tí ẹrù náà wọ̀ lọ́rùn. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Duawo gbẹnu sọ fún ìlú. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní ọdún 1933, wọ́n mú méjì nínú àwọn aṣáájú rẹ̀. Àwọn obìnrin ọjà ni ó jáde sí ìgboro títí tí a fi dá àwọn ẹni náà sílẹ̀, tí a sì ká owó-orí tuntun náà kúrò. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejì, ọmọ-ogun tí wọ́n kó wá yìnbọn, ènìyàn sì kú.

Ní Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ náà ní ojú mìíràn tí ó kan kókó wa gan-an. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ń san owó-orí tiwọn lọ́tọ̀, láti ìgbà tí ọmọbìnrin bá ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìwé ìbí kò sí. Báwo ni agbowó-orí yóò ṣe mọ̀ pé ọmọ ti dàgbà tó? Ẹ̀sùn tí Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin tí ó kó jọ fi kan àwọn agbowó-orí ni pé wọ́n ń tú ọmọbìnrin síhòòhò kí wọ́n lè fi ojú wọn wo ara rẹ̀. Láti ọdún 1946 ni àwọn obìnrin wọ̀nyí ti ń yan lọ sí ààfin. Ní oṣù Kìíní ọdún 1949, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà kan, owó-orí obìnrin sì dúró.

Kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú bàbá tí ó fi ọ̀pá gbé ara ró ní Cacaveli? Ó ní í ṣe púpọ̀. Níbi tí ìwé kò bá sí, ara ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Wọn yóò ní kí arọ rìn kí wọ́n rí i. Wọn yóò fi ọwọ́ kan ojú afọ́jú. Ìwé ẹ̀rí, tí àwa lónìí kà sí wàhálà, ohun kan ni ó ń gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀: kí ẹlòmíràn má ṣe máa fi ara wa ṣe àyẹ̀wò lójú ọjà.

Gbèsè ni, kì í ṣe àánú

Ogun ni ó kọ́kọ́ mú kí ìjọba máa san owó fún ọmọ ilẹ̀ wa nítorí ara tí ó bàjẹ́. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, ilẹ̀ Faransé ṣe òfin ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1919. Òfin yìí sọ pé ọmọ-ogun tí ó farapa ní ẹ̀tọ́ sí àtúnṣe. Kò pe owó náà ní ìtọrẹ àánú. Gbèsè ni, orílẹ̀-èdè ni ó jẹ ẹ́. Àwọn dókítà ni yóò wọn ìpalára náà, wọn yóò sọ ọ́ ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, iye owó yóò sì tẹ̀lé ìwọ̀n náà.

Nínú èrò yìí ni ìdáhùn sí apá kan ìbéèrè wa wà. Bí ẹnìkan bá fọ́ ìkòkò mi, tí ó sì san owó ìkòkò náà, èrè kọ́ ni mo jẹ. Ó kàn dá mi padà sí ibi tí mo wà ni, bí ó bá tilẹ̀ dé ibẹ̀. Nítorí náà ni owó àwọn ọmọ-ogun tí ó farapa, àti owó tí a ń fún ẹni tí ó ní ìwé ajagun, kò fi sí lára owó tí a ń gba owó-orí lé lórí ní ilẹ̀ Faransé. Bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú òfin wọn títí di òní.

Ṣùgbọ́n gbèsè náà kò dọ́gba. Àwọn ọmọ-ogun ilẹ̀ Áfíríkà kò gba iye kan náà pẹ̀lú àwọn Faransé. Nígbà tí òmìnira sì ń bọ̀, òfin ìṣúná ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1959 sọ pé láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1961, owó àwọn ọmọ ilẹ̀ tí ó ti wà lábẹ́ Faransé rí, títí kan ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ àmójútó bíi Tógò, yóò di iye kan tí kò ní gbéra mọ́. Àwọn Faransé pe èyí ní cristallisation, bí ìgbà tí omi bá di yìnyín. Ọjà ń gbówó lórí, owó ẹsẹ̀ tí ó gé dúró sójú kan. A lè sọ pé kò sí ẹni tí ó gba owó-orí lórí rẹ̀, síbẹ̀ ọdọọdún ni a ń gé nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà pẹ́ ju ogójì ọdún lọ. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2001, ilé ẹjọ́ Conseil d'État ní Paris dá ẹjọ́ Amadou Diop, ọmọ-ogun ará Senegal, ó ní ìyàtọ̀ tí a ṣe láàárín wọn kò bá ẹ̀tọ́ mu. Ní ọdún 2006 ni fíìmù Indigènes ti Rachid Bouchareb jáde. Ní òpin ọdún kan náà, ilé aṣòfin ní kí owó àwọn tí ó farapa àti owó ajagun dọ́gba láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2007. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2010, Conseil constitutionnel fagi lé èyí tí ó kù nínú òfin ìyàsọ́tọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ti wọ ilẹ̀ lọ. Ẹni tí ó sì ṣẹ́ kù gbọ́dọ̀ ní ìwé lọ́wọ́ kí ó tó lè sọ pé òun nìyí.

Ní ìhà àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jẹ́ kí a rántí Isaac Fádòyébọ̀, ọmọ Ẹmùrẹ̀-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọ̀dọ́ ni nígbà tí ó wọṣẹ́ ogun. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, ìbọn bà á ní àfonífojì Kaladan ní ilẹ̀ Burma. Òun àti David Kagbo, ará Sierra Leone, fara pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án, àwọn ará abúlé kan ni ó sì fún wọn ní oúnjẹ. Ó padà sílé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò lè tọ́ mọ́, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó sì kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé tí ó jáde ní ọdún 1999. Ó kú ní ọdún 2012. A dárúkọ rẹ̀ nítorí pé ó fi hàn pé aláàbọ̀ ara kì í ṣe ẹni tí a ń bọ́ nìkan. Òṣìṣẹ́ lè jẹ́, ẹni tí ó ń san owó-orí lè jẹ́, òǹkọ̀wé lè jẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lónìí

Láti inú ìtàn yìí ni a ti rí ìlànà kan tí ó ń tọ́ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin wọn kò bára mu. Owó tí ó dípò ara tí ó bàjẹ́, tàbí tí ó wà láti fi ran aláìní lọ́wọ́, wọn kì í sábà gba owó-orí lórí rẹ̀. Owó tí ó dípò owó-oṣù, wọ́n sábà máa ń ṣe é bí owó-oṣù.

Ilẹ̀ Faransé fi èyí hàn kedere. Allocation aux adultes handicapés, tí òfin ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1975 dá sílẹ̀, kò sí lára owó tí owó-orí ń kàn. Owó ìgbà pípẹ́ tí a ń san fún ẹni tí ó farapa lẹ́nu iṣẹ́ kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n pension d'invalidité tí Sécurité sociale ń san fún òṣìṣẹ́ tí àìsàn dá dúró, ó wà níbẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìkéde. Síbẹ̀ ọmọ ìyá tí ó sọ̀rọ̀ ní ìpàdé wa kò ṣe àṣìṣe bí ó ti ń kéde lọ́dọọdún láìsan nǹkan kan. Ẹni tí ó ń gbé ní ilẹ̀ náà ń kéde, kódà bí kò bá ní ohun tí yóò san, nítorí ìwé tí àwọn agbowó-orí dá padà fún un, tí ó sọ pé kò jẹ gbèsè, ni yóò fi gba ilé, tí yóò fi gba ìrànlọ́wọ́ mìíràn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í gba owó-orí lórí Personal Independence Payment, ṣùgbọ́n wọ́n ń ka Employment and Support Allowance tí ó wá láti inú owó ìdáàbòbò tí òṣìṣẹ́ ti san mọ́ owó tí ó wọlé. Ní Amẹ́ríkà, Supplemental Security Income àti owó ìpalára àwọn ajagun bọ́ lọ́wọ́ owó-orí. Social Security Disability kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá: láti ọdún 1984, bí owó mìíràn tí ó ń wọlé fún ẹni náà, pẹ̀lú ìdajì owó àìlera yìí, bá kọjá 25,000 dọ́là fún ẹnìkan ṣoṣo, tàbí 32,000 fún tọkọtaya tí ó jọ kéde, apá kan owó náà bọ́ sábẹ́ owó-orí. Wọn kò gbé iye méjèèjì yìí sókè láti ìgbà náà. Ní Nàìjíríà, òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 sọ ní abala 173 àti 210 pé a kò gbọdọ̀ gba owó-orí lórí owó-ìfẹ̀yìntì ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba.

Ní Tógò tiwa, òfin mẹ́ta ni ó yẹ kí ọmọ ẹgbẹ́ mọ̀. Òfin 2004-005 ti ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 2004 ń dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara. Òfin 2011-006 ti ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 2011 ni ìwé òfin ìdáàbòbò òṣìṣẹ́. Lábẹ́ rẹ̀ ni CNSS ti ń san owó àìlera àti owó ìjàǹbá ẹnu iṣẹ́. Òfin 2018-024 ti ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 2018 ni ìwé òfin owó-orí, tí Office Togolais des Recettes ń lò. Òfin yìí ń ṣírò owó-oṣù pọ̀ mọ́ owó-ìfẹ̀yìntì, ó sì ya àwọn owó kan sọ́tọ̀ tí owó-orí kò gbọdọ̀ kàn. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí a gbọ́dọ̀ mọ̀ ni orúkọ tí owó náà ń jẹ́ lórí ìwé tí a fi fún ni. Ṣé owó ìjàǹbá ẹnu iṣẹ́ ni àbí owó àìlera? Ṣé owó-ìfẹ̀yìntì ni? Ẹni tí kò mọ orúkọ owó rẹ̀ kò lè mọ abala òfin tí ó kàn án. Ẹni tí ó bá sì ní ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé tí ó fi ń gba owó lọ́wọ́ ayálégbé, ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Àìlera kò sọ owó ṣọ́ọ̀bù di owó àìlera.

Ohun tí a sọ fún bàbá

Nígbà tí a padà sí ìpàdé, a dá bàbá lóhùn báyìí. Bàbá, ẹ kì í ṣe olè. Owó tí wọ́n ń san fún yín nítorí ìjàǹbá kì í ṣe èrè. Àwọn tí ó jẹ yín ní gbèsè ni wọ́n ń san án. Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe rò pé ìkéde àti ìsanwó jẹ́ nǹkan kan náà. Ẹni tí ó kéde pé òun kò jẹ nǹkan kan ti mú kí ìjọba kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò jẹ nǹkan kan. Ẹni tí kò sọ nǹkan ti fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sí ẹnu ẹlòmíràn, a sì ti rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní abúlé nígbà tí olóyè ni ó ń sọ ẹni tí kì í ṣe valide. Àwọn àgbà ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

A ní kí wọ́n tọ́jú ìwé mẹ́ta sínú àpò kan: ìwé tí ó fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí owó náà, ìwé dókítà tí ó wọn ìpalára, àti ìwé iye tí wọ́n gbà lọ́dọọdún. Kí wọ́n ṣe ẹ̀dà wọn, kí ọmọ kan nínú ilé mọ ibi tí wọ́n wà. Àwọn opó ajagun tí kò rí ìwé ọkọ wọn mọ́ lẹ́yìn ogójì ọdún lè sọ ìdí rẹ̀ jù wá lọ.

Ọ̀dọ́ tí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ náà, ẹni tí ó ní owó tí ó wọlé ni owó tí ó wọlé, ni ó dìde lẹ́yìn èyí. Ó ní òun ti rí i pé òun sọ òtítọ́ ààbọ̀. Ó sì ní bí bàbá bá gbà, òun yóò tẹ̀lé wọn dé ọ́fíìsì pẹ̀lú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun yóò ka èdè Faransé tí ó wà níbẹ̀ sí wọn létí ní Yorùbá kí wọ́n tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Bàbá wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: “Ọmọ mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn ní àtẹ̀gùn. Ìwọ ni yóò gbé àpò náà.”

Láti ọjọ́ náà ni a ti fi wákàtí kan sí òpin ìpàdé kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ tí ó mọ̀wé máa bá àwọn àgbà ka ìwé tí ó bá dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Ẹni tí ó bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ilé, kí ó mú un wá sí Cacaveli. Kí ẹni tí kò lè wá nítorí ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, àwa ni a ó wá bá a.